Oko Kòkó Bàbá Àgbà àti Àwọn Ọmọ-Ọmọ

Ìṣirò kékeré kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ mú pẹ́ńsùlù dání, kí ẹ lè bá àwọn àgbà tí ń fi ìka kà á ṣe é.

Bàbá àgbẹ̀ kan ń gbé abà lẹ́yìn odi Adó-Èkìtì. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, títí dé Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò. Bàbá yìí ní oko kòkó éékà 36. Ìyàwó mẹ́ta ni ó fẹ́. Ìyálé bí ọmọ kan ṣoṣo, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí mẹ́fà. Gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ náà ti dàgbà, wọ́n sì ti bímọ. Ọmọ ìyálé bí mẹ́fà, àwọn ọmọ ìyàwó kejì bí mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn ọmọ ìyàwó kẹta bí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ ó rí i pé ọmọ-ọmọ 36 ni. Éékà 36, ọmọ-ọmọ 36! Inú bàbá dùn. Ó ní Ọlọ́run ti bá òun ṣírò rẹ̀ tán, éékà kọ̀ọ̀kan fún ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìjà kò sí mọ́.

Ìjà wà. Bí bàbá bá sùn lọ́la tí kò jí, tí kò sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò dájú pé ẹyọ kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ 36 náà yóò rí éékà kan gan-an gbà. Òmíràn lè gba éékà méjì, òmíràn lè gba ìdajì éékà. Ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa pe oko náà ní “oko wa” títí wọn yóò fi hu ewú, láìsí ẹnì kan tí ó lè pe ìdí igi kan ní “tèmi”. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ là yé ara wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi bàbá ni pé, kí ni ó ní gan-an? Yóò ní òun ní oko. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko jẹ́ ohun méjì tí a so pọ̀. Ilẹ̀ wà, igi sì wà lórí ilẹ̀. Ní Èkìtì, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Ọmọ ẹbí a máa ro ibi tí agbára rẹ̀ bá ká, ẹnikẹ́ni kò ní í lé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ilẹ̀ náà di ohun tí ó lè tà fún ẹni tí ó wù ú. Igi ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń kìlọ̀ fún àlejò tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ pé kí ó gbin iṣu, kí ó gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kí ó má gbin igi láìgba àṣẹ. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbin igi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí ó jẹ́ pé iṣu àti àgbàdo nìkan ni a ń gbìn, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Bàbá kú, wọ́n wa iṣu tí ó kù nílẹ̀, ilẹ̀ di ìgbòrò, ẹbí gbà á padà. Kòkó ni ó da ètò náà rú. Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies ti Èkó, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria ti England tọ́jú bí ọmọ, ti ń gbin kòkó ní Ìjọ̀n lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé, àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ olóko ńlá Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn ènìyàn láti òkè ọ̀hún, láti Iléṣà àti Èkìtì, lọ ṣe lébìrà ní àwọn oko wọ̀nyí. Wọ́n gba owó, wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n sì di irúgbìn kòkó mọ́ ẹrù wọn nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Ogun Kírìjí ti parí ní 1893, ọ̀nà ti là, àwọn ènìyàn ti padà sí oko àwọn baba wọn. Kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, kòkó ti wọ Èkìtì ó sì ti ta gbòǹgbò.

Ẹ wo bí igi yìí ti rí. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò gbà kí ó tó so dáadáa. Lẹ́yìn náà yóò máa so fún ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, tí a bá tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní ẹni àádọ́ta ọdún mọ̀ pé ọmọ òun ni yóò jẹ ẹ́ jù, bóyá ọmọ-ọmọ pàápàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ ní ohun kan lóko tí ó níye lórí, tí kì í kú lọ́dọọdún, tí ó sì ń pa owó wọlé lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ogún oko wọ kóòtù. Nígbà tí òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ P. C. Lloyd fẹ́ kọ ìwé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá, ìwé tí ó jáde ní 1962, ibi mẹ́rin ni ó yàn láti yẹ̀ wò. Adó-Èkìtì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú Oǹdó, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá.

Ó dára. Bàbá ti kú, a sì ti sin ín, àwọn ọmọ ti ṣe òkú tán. Báwo ni a ó ṣe pín in? Ọ̀nà méjì ni Yorùbá mọ̀.

Èkínní ni ìdí-igi. Ìyá kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ fún olóògbé ni a ń pè ní ìdí kan. Iye ìdí ni a ń wò, a kì í wo iye orí ọmọ. Bàbá wa ní ìdí mẹ́ta, nítorí náà éékà 36 di ọ̀nà mẹ́ta, éékà méjìlá-méjìlá. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí gba éékà 12. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì gba éékà mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn mẹ́fà tí ìyàwó kẹta bí gba éékà méjì-méjì. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ síwájú dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ, nítorí tiwọn ni a ń sọ. Nígbà tí ọmọ ìyálé bá pín tirẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà, éékà méjì-méjì ni yóò kàn wọ́n. Bákan náà ni lọ́dọ̀ ìyàwó kejì, éékà méjì-méjì. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti ìdí ìyàwó kẹta wá, ìdajì éékà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò rí. Bí a bá gbin kòkó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, igi bí 435 ni yóò wà nínú éékà kan. Nítorí náà ẹnì kan ní igi tí ó lé ní 800, ọmọ-ọmọ mìíràn sì ní 217. Bàbá àgbà kan náà ni ó bí baba wọn.

Èkejì ni orí-òjorí. Níhìn-ín, orí ni a ń kà. Ọmọ mẹ́sàn-án ni bàbá bí, éékà mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò sọ pé èyí ni ó tọ́. Ẹ dúró ná. Ẹ tún gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí baba wọn gba éékà mẹ́rin rí éékà kan-kan. Àwọn tí wọ́n jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta rí éékà kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ọmọ mẹ́fà tí ọmọ ìyálé bí wá rí ìdá méjì péré nínú mẹ́ta éékà kan. Àwọn tí wọ́n jẹ ọ̀pọ̀ ní ìdí-igi ni wọ́n jẹ díẹ̀ jù ní orí-òjorí. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà kan nínú méjèèjì tí ó fún gbogbo ọmọ-ọmọ ní éékà kan-kan gẹ́gẹ́ bí bàbá ti lérò. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Àṣà wa kì í fo ọmọ láti bá ọmọ-ọmọ sọ̀rọ̀. Láti ọwọ́ baba tàbí ìyá rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ fi ń gba ogún bàbá àgbà. Bí òbí rẹ̀ bá wà láàyè, kò tíì kàn án. Bí òbí rẹ̀ bá ti kú ṣáájú, òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò jókòó sí ipò òbí náà, ipò kan ṣoṣo, bí wọn ì báà tó mẹ́wàá.

Èwo ni ó ga ju èkejì lọ nínú ọ̀nà méjèèjì yìí? Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo agbẹjọ́rò mọ̀. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940. Ìyàwó mẹ́rin bímọ fún un, ọmọ sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ìdí mẹ́rin ni kí a pín in sí, àwọn kan ní orí mẹ́sàn-án ni. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ayé ti yí padà, pé orí-òjorí ni ó tọ́ sí àwọn ọmọ tí baba kan bí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà padà ní 1958. Wọ́n gbé e kọjá òkun lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, àwọn yẹn sì fi ọwọ́ sí i ní 1962. Ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdí-igi ni òfin àti àṣà Yorùbá, àti pé orí-òjorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn nígbà tí ìjà bá wà lórí ìpín. Wọ́n tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n ilẹ̀ tí ọkùnrin ti ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wọn ilẹ̀ tí ó ti ń fẹ́ púpọ̀, kí a wá sọ pé àṣà wọn kò tọ́.

Èmi kò ní í ṣàìsọ tèmi. Ìdí-igi ní ọgbọ́n nínú. Ìyá tí ó bí ọmọ kan bá ọkọ rẹ̀ ro oko bí ìyá tí ó bí mẹ́fà, òógùn rẹ̀ wà ní ìdí kòkó náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ìyàwó kẹta léèrè, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń gé kòkó, tí ó ń fọ́ ọ, tí ó ń sá a láti kékeré, nígbà tí ọmọ ìyálé wà ní Ìbàdàn tí ó ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì. Ẹ bi í bí éékà méjì sí méjìlá ti rí lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìjà máa ń dé tí orin ń di òwe.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń rọ ọ̀rọ̀ náà lójú. Nígbà tí a bá ń pín in, a ó ka ohun tí ìdí kọ̀ọ̀kan ti gbà ṣáájú lọ́wọ́ olóògbé. Bí bàbá bá ti fi éékà márùn-ún fún ọmọ kan nígbà tí ó ń gbéyàwó, kí ìdí náà má rò pé a ti gbàgbé.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, àwọn kan ṣì máa ń sọ pé ọmọbìnrin yóò lọ sí ilé ọkọ, kí ni ó fẹ́ fi kòkó ṣe? Ilé-ẹjọ́ kò gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ní 1908, ẹjọ́ kan wá sí ilé-ẹjọ́ ní Èkó láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Mabinuori, olóyè kan tí ó kú ní 1874. Adájọ́ Àgbà Osborne gbọ́ ohun tí àwọn olóyè ìlú sọ nípa àṣà, ó sì dájọ́ pé bí dáwódù, èyíinì ni àkọ́bí ọkùnrin tí ó jẹ́ àrólé, bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni yóò di olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ẹjọ́ mìíràn ní 1924 tún fi hàn pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin nínú ohun ìní ẹbí kò kéré sí ti ọmọkùnrin. Ìyàwó ni kò ní ìpín tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, òun sì ń jẹun lábẹ́ wọn. Ìyàwó tí kò bímọ wá ńkọ́? Kò ní ìdí. Ó lè ro oko pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ fún ogún ọdún, kí wọ́n sì pín oko náà lójú rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Ibi tí àṣà wa ti ro ni lára jù nìyí, lójú tèmi.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ ogún ń dà láàmú. Ní England, títí di òfin tí wọ́n ṣe ní 1925, bí ènìyàn bá kú láìkọ ìwé ìhágún, àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń kó gbogbo ilẹ̀ lọ, àwọn àbúrò a sì máa wò. Ti Amẹ́ríkà ni ó burú jù. Nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, olóko ńlá kan wà ní Virginia tí ó ń jẹ́ Daniel Parke Custis. Ó kú ní 1757, kò sì kọ ìwé ìhágún. Òfin fún opó rẹ̀, Martha, ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní náà láti máa jẹ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó padà sí ọ̀dọ̀ irú-ọmọ Custis. Àwọn ẹrú, ènìyàn dúdú bíi tiwa, wà lára ohun ìní náà. Martha fẹ́ George Washington ní 1759, ẹni tí ó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Washington ń kọ ìwé ìhágún tirẹ̀ ní 1799, ó ní kí a tú àwọn ẹrú òun sílẹ̀. Àwọn ẹrú Custis, tí wọ́n ti di 153 nígbà náà, kò ṣeé ṣe fún un láti tú sílẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó ni wọ́n. Martha kú ní 1802, wọ́n sì pín àwọn ènìyàn wọ̀nyí láàárín àwọn ọmọ-ọmọ Custis mẹ́rin. Àwọn kan nínú wọn ti fẹ́ ara wọn pẹ̀lú àwọn ẹrú Washington. Ọkọ di òmìnira, wọ́n sì pín aya àti ọmọ lọ sí ilé ọmọ-ọmọ olóko. Kí a má sì fi ìyẹn gbéra ga, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, nígbà ayé ogun, a máa ń ka ẹrú mọ́ ogún.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkìtì. Bí bàbá wa bá fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun rí éékà kan-kan ní tòótọ́, kí ni kí ó ṣe?

Ó lè fi fún wọn nígbà tí ó wà láàyè. Èyí ni àṣà fi ọwọ́ sí jù. Kí ó pe olórí ẹbí àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n bá a pààlà. Kí wọ́n jọ lọ sí oko lójú ọ̀sán. Kí ó tọ́ka sí ibi tí ti olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kí wọ́n sì gbin pèrègún sí ààlà. Kí àwọn tí a fún tàbí àwọn òbí wọn dúpẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí a lè mọ̀ pé wọ́n gbà á. Bàbá tí ó bá fi ẹnu fún ọmọ-ọmọ ní oko nínú yàrá lálẹ́, tí kò sí ẹlẹ́rìí, kò tíì fún un ní ohunkóhun. Ìjà ni ó fún un. Ó dára kí a kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, kí a kọ orúkọ àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ mìíràn kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn ẹlẹ́rìí yóò sì ti kú kí ó tó dàgbà.

Ó lè sọ ọ́ lórí ibùsùn ikú rẹ̀. Àṣà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún un bí ẹlẹ́rìí tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó máa ń wà lẹ́bàá ibùsùn? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ìdí kan ni, àwọn ìdí yòókù kò sì ní í gbà pé bàbá sọ bẹ́ẹ̀.

Ó lè kọ ìwé ìhágún. Ìwé yìí ní òfin tirẹ̀. Bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹni tí a fún ní nǹkan nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀, nítorí pé ohun tí a fún un yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó pe ọmọ-ọmọ tí ó mọ̀wé jù wá láti kọ ọ́ kí ó sì ṣe ẹlẹ́rìí, láìmọ̀ pé ọmọ tí òun fẹ́ràn jù ni òun ń fi ọwọ́ ara òun já kúrò nínú ogún.

Ìwé ìhágún kò sì lè ju ohun tí ènìyàn ní lọ. Ní 1931, ilé-ẹjọ́ ní Èkó sọ nínú ẹjọ́ àwọn Ogunmefun pé ènìyàn kò lè fi ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ ẹbí sínú ìwé ìhágún. Òfin ìhágún tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìjọ́sí ṣe ní 1958, tí àwọn ìpínlẹ̀ tí a gé láti ara rẹ̀ jogún, fi gbólóhùn kan kún un pé agbára láti hágún wà lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí ó bá kan ohun ìní náà. Àwọn ará Benin mọ̀ ọ́n lára. Ní 1991, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ àwọn Idehen pé baba kò lè fi ìwé ìhágún gba ilé tí ó gbé tí ó sì kú sí kúrò lọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, nítorí pé àṣà wọn ti fún un. Nítorí náà bí oko bàbá wa bá wà lórí ilẹ̀ ẹbí, kòkó ni ó lè fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí kòkó bá gbó tí ó kú, tàbí tí iná bá jó o, ẹbí yóò béèrè ilẹ̀ wọn. Bí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ náà, tí ó ní ìwé àti ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ di òmíràn.

Ẹnìkan lè sọ pé láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀, kí ni a tún ń pe ẹbí sí? Òfin náà fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn. Ó ní bí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ bá kú, òfin ìbílẹ̀ ibi tí ilẹ̀ náà wà ni yóò sọ ẹni tí yóò jogún ẹ̀tọ́ náà. Ilẹ̀ tí ó wà ní Èkìtì, àṣà Èkìtì ni. Àwọn tí wọ́n fi òrùka gbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni kí wọ́n lọ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, nítorí pé láti ìgbà ẹjọ́ Cole ní 1898 ni ilé-ẹjọ́ ti ń sọ pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lè gbé ogún kúrò lábẹ́ àṣà.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí àwọn agbẹjọ́rò kì í sábà béèrè, àgbẹ̀ ni ó ń béèrè rẹ̀. Ṣé ó yẹ kí a tilẹ̀ pín oko kòkó sí ọ̀nà 36? Éékà kan lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní Kánò, tí kò wá sílé ju ìgbà Kérésìmesì lọ, kì í pẹ́ di igbó. Kòkó tí a kò fín oògùn sí nígbà òjò, àrùn dúdú yóò mú un, àrùn náà kò sì mọ pèrègún tí a fi ṣe ààlà. Yóò ti oko ẹni tí kò wá wọ oko ẹni tí ó wá. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ẹbí ní Èkìtì kì í gé oko sí wẹ́wẹ́. Wọ́n a fi ẹnì kan ṣe alábòójútó, tàbí kí wọ́n gbé oko fún àgbẹ̀ tí yóò máa ṣe é kí ó sì gba ìpín tirẹ̀ nínú owó, èyí tí ó kù ni wọn yóò pín nígbà tí wọ́n bá ta kòkó tán. Bí bàbá wa bá fẹ́ràn ọ̀nà yìí, kí ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì já geere, pé owó ni kí wọ́n pín sí ọ̀nà 36, kí oko wà ní odidi. Kí ó sì dárúkọ ẹni tí yóò máa ka owó náà, àti ẹnì kejì, láti ìdí mìíràn, tí yóò máa dúró tì í nígbà tí ó bá ń kà á.